Kí O Tó Fi Iṣẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Lé Agbaṣẹ́ṣe Lọ́wọ́

Pobẹ̀, ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àbẹ̀ní ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹni tí mo pọ̀n lọ sí ẹkù epo tí mo tún pọ̀n bọ̀,

Ìyàwó Ṣẹ́gun àbúrò rẹ ti bí ọmọkùnrin ní Tákọ̀n, a sì ti kó o jáde. Ayọ̀délé ni mo sọ ọ́. Ìyá Múfú tí a jọ pín ògiri ti di ìyá àgbà ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Fọlákẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílé ọkọ ní Ìsàbà; ọkọ rẹ̀ ń tún alùpùpù ṣe, kì í mutí. Ẹnikẹ́ni kò kú, ẹnikẹ́ni kò ṣàìsàn. Èyí ni mo kọ́kọ́ kọ kí àyà rẹ má baà já nígbà tí o bá rí ẹni tó mú ìwé yìí dé iwájú rẹ. O mọ̀ ọ́n. Ìyá Sikírá ni, tó ń gbálẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ní Sakété láti ìgbà tí ìwọ fúnra rẹ ṣì ń wọ kakí lọ sí ilé ìwé.

Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Zẹ́mì, alùpùpù akérò, ló gùn wá láàárọ̀. Mo gbé omi fún un, kò mu. Mo gbé àga fún un, etí àga ló jókòó sí. Ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí òun yóò fi rí ìwé mú lọ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí, n kò ní yí i po. O sọ fún mi fúnra rẹ pé ìwé ti dé láti òkè pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín gbé ilẹ̀ gbígbá, oúnjẹ sísè àti ọgbà ṣíṣọ́ fún agbaṣẹ́ṣe aládàáni, àti pé ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe alábòójútó owó àti dúkìá ibẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Ní Ọjọ́bọ̀ yìí ni ẹ ó ṣí ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta tó ń fẹ́ iṣẹ́ náà. Àbẹ̀ní, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ti wá sílé mi. Ó fún mi ní nǹkan, mo sì gbà á. Ó ti ń sọ kiri Sakété báyìí pé iṣẹ́ ti di tòun. Bí o bá fọwọ́ sí tirẹ̀, wọn yóò ní o ti jẹun lábẹ́. Bí o kò bá fọwọ́ sí i, yóò tú mi síta, orúkọ rẹ ni yóò sì bà jẹ́. Àwọn èèyàn mọ́kànlá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì mọ̀ bóyá àwọn ṣì ní iṣẹ́. Má fi ọwọ́ rẹ kan bíìkì ìkọ̀wé kan kí o tó ka ìwé yìí tán.

N kò pè ọ́ lórí fóònù pọ̀tábù, nítorí ohun tí a bá sọ lórí pọ̀tábù, afẹ́fẹ́ ló ni ín. Èyí tí mo kọ, o lè gbé e síwájú dirẹtẹ́ọ̀, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì yín.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn iṣẹ́ rẹ dé, ilé wa kò ṣófo. O mọ bí a ti ń ṣe é níbí: bí ọmọ ẹni bá dé ipò, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń wá kí. Èyí mú iṣu méjì, èyí mú ọṣẹ, àwọn ará ìjọ wa mú àbẹ́là àti tùràrí. Orí mi wú. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ìyá ọba, mò ń gbàdúrà fún ẹni tó wá àti ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọkọ̀ funfun kan fi dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà kó tó gòkè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Màmá, ẹ kú oríire o! Ọmọ yín ti di ìyá wa ní Sakété!”

“Ìwọ ta ni, ọmọ mi?”

“Rẹ́mì ni wọ́n ń pè mí, Màmá. Ọmọ yín ni mí. Iṣẹ́ kékeré kan ni mò ń ṣe kiri.”

N kò bi í pé irú iṣẹ́ wo. Awakọ̀ rẹ̀ ti ń gbé àpò ìrẹsì wọlé, ó tún padà lọ gbé kẹ́ẹ̀gì òróró. Rẹ́mì fi àpò ìwé kan sí itan mi, ó ní, “Màmá, n kò fẹ́ nǹkan kan o. Àdúrà ni mo wá gbà. Ẹ kàn ní kí ọ̀nà mi là.”

Ta ni kì í gbàdúrà fún ẹni tó dọ̀bálẹ̀? Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, “Ọ̀nà rẹ á là. Ní Sakété níbẹ̀, níwájú ọmọ mi, ọ̀nà rẹ á là, o ò ní lọ lọ́wọ́ òfo kí o bọ̀ lọ́wọ́ òfo.” Báyìí gẹ́lẹ́ ni mo wí, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe àmín. Ó sì dìde, ó yíjú sí àwọn tó jókòó, ó ní, “Ẹ gbọ́ o? Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi o!” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ìrẹsì rẹ̀ ni a sè níbi ìkómọ Ayọ̀délé. Òróró rẹ̀ ni a fi dín ẹja. Owó inú àpò ìwé rẹ̀ ni mo fi ra páànù sí orí ilé ìdáná. Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Mo ju tèmi sílẹ̀, mo sì jókòó ti èèpo rẹ̀, mò ń jẹ ìrẹsì.

Láàárọ̀ yìí ni mo tó mọ̀ pé ó ti fọ́. Mò ń gbá iwájú ilé lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Sikírá dé.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àbẹ̀ní.”

“Káàárọ̀ o, Ìyá Sikírá! Sakété ńkọ́? Ẹ jókòó, ẹ gba omi.”

“Òùngbẹ kò gbẹ mí.”

“Eruku ọ̀nà yìí náà? Ta ni kì í mu omi?”

“Ẹni tí wọ́n bá tà kì í mu omi ẹni tó tà á.”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Ta ló tà yín?”

“Ẹ̀yin ni. Àdúrà lẹ fi tà wá.”

Ó wá sọ fún mi. Ní ọjọ́ Ẹtì, Rẹ́mì wọ ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tí ìwọ wà ní ìpàdé ní Pọ̀tónóvò. Ó kó gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ó ní, “Ìyá ọ̀gá yín ti fi iṣẹ́ yìí fún mi ní Pobẹ̀, ogún èèyàn ló ṣe àmín sí i. Ọjọ́bọ̀ kàn jẹ́ ọjọ́ àpèjẹ ni.” Ó ní òun ní àwọn òṣìṣẹ́ tòun. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ dúró nínú wọn yóò gba ìdajì ohun tó ń gbà.

Bàbá Dòsú, àgbà tó ń ṣọ́ ọgbà, bi í pé, “Àgbàdo mi tó wà lẹ́yìn kíláàsì ńkọ́? Kò tíì gbó.”

Rẹ́mì ní, “Bàbá, ṣé àgbàdo ni ìjọba gbà yín síbí láti máa gbìn ni?” Àwọn tó bá a wá sì rẹ́rìn-ín.

Mo bi Ìyá Sikírá pé, “Kí ló wá sọ fún ẹ̀yin?”

“Ó ní, ‘Ìyá, ẹ ti dàgbà, ìgbálẹ̀ ti wúwo jù yín lọ.’ Mo ní ìgbálẹ̀ tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin? Kó wá gbé e wò bóyá òun gan-an lè gbé e!”

Mo ní, “Ìyá Sikírá, n kò mọ̀ pé agbaṣẹ́ṣe ni.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ ò bi í.”

Ó tún ní, “Wọ́n ní ẹ mọ̀wé. Gbogbo ẹni tó bá ti Pobẹ̀ wá ló ń sọ ọ́ pé ìyá ọ̀gá wa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà. Ó dára. Ẹ kọ ọ́.” Ohun tó gbé mi jókòó sí tábìlì nìyẹn.

Àbẹ̀ní, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo fi iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́. N kò sọ èyí fún ọ rí, nítorí ìyá kì í fẹ́ kí ọmọ rí ẹ̀yìn òun.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé bàbá rẹ ní Ìsàbà, obìnrin mẹ́sàn-án ni a jọ ń fún epo ní ẹkù kan. Nítorí pé ẹnu mi mú, wọ́n fi mí ṣe olórí. Iṣẹ́ náà le. A ó se ẹyìn, a ó gún un, a ó wọ inú ọpọ́n lọ, a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi léfòó. Ìwọ wà lẹ́yìn mi nígbà mìíràn, oorun a máa kùn ọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọdún kan ni ọkùnrin kan wá bá mi. Ó ní òun ní àwọn alágbàṣe tí yóò máa tẹ̀ ẹ́, kí a jókòó sílé, òun yóò sì máa fún wa ní kẹ́ẹ̀gì epo kan nínú mẹ́ta. Ó dùn létí mi. Ó mú ìwé wá, mo tẹ ìka sí i. N kò bi àwọn ẹgbẹ́ mi. Ìgbà tí mo ti tẹ̀ ẹ́ tán ni mo sọ fún wọn.

Ohun tí mo gbàgbé, àlejò kò ní gbàgbé rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù nìkan ló lè gbàgbé rẹ̀. Ní ẹkù tiwa, a máa ń bá olóko pín epo, ṣùgbọ́n èkùrọ́ àti ìhá tó bá kù lára ẹyìn jẹ́ ti obìnrin tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìhá ni a fi ń dáná. Èkùrọ́ ni a ń pa tí a fi ń ṣe àdín, òun ni a fi ń ra aṣọ ọmọ. Ọkùnrin náà fún wa ní epo bó ṣe wí, kò rẹ́ wa jẹ níbẹ̀. Ó sì kó gbogbo èkùrọ́, ó kó gbogbo ìhá. Nígbà tí a lọ bá a, ó na ìwé sí mi. Ó ní, “Ìyàwó, fi ibi tí wọ́n kọ èkùrọ́ sí hàn mí.” N kò lè fi hàn án. N kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́sàn-án jẹ́ opó. Èkùrọ́ yẹn ni gbogbo ohun tó ní. Kò bá mi jà. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá sí apá Nàìjíríà lọ́dún náà, n kò sì rí i mọ́ títí dòní. Ọdún pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí wọ́n ṣí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwa àgbà ní Pobẹ̀, àga iwájú ni mo jókòó sí. Àwọn kan rò pé ìwé ìjọ ni mo fẹ́ kà. Ọ̀rọ̀ náà, “èkùrọ́”, ni mo ní kí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ́ mi ní kíkọ.

Nítorí náà gbọ́ mi.

Èkínní. Kọ ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ìwé tí àwọn agbaṣẹ́ṣe yóò mú wá ní Ọjọ́bọ̀ yóò sọ iye owó àti iye òṣìṣẹ́. Kò ní sọ pé Bàbá Dòsú ń sùn nínú yàrá ẹnu ọ̀nà, tó sì ń gbin àgbàdo lẹ́yìn kíláàsì láti ìgbà tí owó rẹ̀ kò ti tó o jẹ. Kò ní sọ pé àwọn obìnrin ilé ìdáná ń bu oúnjẹ tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò lọ fún ọmọ wọn. Kò ní sọ pé Ìyá Sikírá ń lọ kírun ní ọ̀sán Jímọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Èkùrọ́ tiwọn nìyẹn. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, lọ jókòó ti àwọn mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Má pè wọ́n wá sí bùró rẹ. Ìwọ ni kí o lọ bá wọn. Bi wọ́n pé, “Kí ni ẹ ń rí níbí tí kò sí nínú ìwé?” Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Èyí tó bá tọ́, kí ó wọ inú ìwé àdéhùn. Èyí tí kò bá tọ́, kí ìwọ fúnra rẹ sọ fún wọn lójú, kí ó má jẹ́ ẹnu àjèjì ni wọn yóò ti gbọ́ ọ.

Èkejì. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kí agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ gbà, ẹni yòówù kó jẹ́. Kí owó wọn má sì dín sí èyí tí wọ́n ń gbà lónìí. Bí yóò bá lé ẹnìkan, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú un wá fún dirẹtẹ́ọ̀. Mo ka ibi yìí sókè fún Ìyá Sikírá. Ó ní, “Ẹ fi kún un pé bí ara ẹni kò bá yá, kí wọ́n má fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kó tó gbádùn.” Mo ti fi kún un.

Ẹ̀kẹta. “Kí ilẹ̀ mọ́” kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọn yóò fọ ilé ìyàgbẹ́ lóòjọ́? Ta ni yóò ra ọṣẹ? Ta ni yóò ra ìgbálẹ̀? Bí o kò bá kọ ọ́, agbaṣẹ́ṣe yóò ní àwọn obìnrin ni kó rà á nínú owó wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi nǹkan pamọ́ sí.

Ẹ̀kẹrin. Má san owó oṣù kan fún agbaṣẹ́ṣe kí o tó rí ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara wọn sí pé wọ́n ti gba ti oṣù tó kọjá. Ẹni tí kò bá mọ̀wé nínú wọn, pè é, bi í ní èdè tó gbọ́. O gbọ́ Gùn dáadáa, bá Bàbá Dòsú sọ Gùn. Má sì jẹ́ kí ìwé náà gùn ju ọdún kan lọ. Ìgbéyàwó nìkan ni a ń ṣe láìdá ọjọ́ sí i, àní òun náà, o rí bó ṣe ń rí.

Ẹ̀karùn-ún. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí a kì í fi lé ẹni tó wá lónìí tí yóò lọ lọ́la. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ẹ ń kó ìwé ìdánwò sí, kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Omi tí àwọn ọmọ ń mu náà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí omi, ẹ ó rí agbaṣẹ́ṣe tì mọ́lé, ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ni yóò ti mu ún.

N kò sọ pé olè ni gbogbo agbaṣẹ́ṣe. Bàbá rẹ ṣe àgbàṣe nínú oko ọ̀pẹ ní Pobẹ̀ yìí kó tó ní oko tirẹ̀, ìwọ náà jẹ nínú owó àgbàṣe. Àwọn méjì tó kù lè jẹ́ èèyàn rere. Rẹ́mì pàápàá, ó lè mọ iṣẹ́. Ohun tó ṣe ni mo kórìíra: ó mọ̀ pé ìyá kì í bi ẹni tó wá kí i léèrè ọ̀rọ̀, ó sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ìyá Sikírá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti ìta. “Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ ò tíì parí?”

“Ó ku díẹ̀.”

“Ìwé yín ti gùn ju ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ń gbá lọ. Zẹ́mì kì í dúró de ìwé.”

Mò ń bọ̀ níbi tó le jù, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi ń falẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, dìde. Dirẹtẹ́ọ̀ yóò wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá láti mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú, yóò wà níbẹ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà níbẹ̀. Ní kí wọ́n pe àwọn mọ́kànlá náà wọlé kí wọ́n wá dúró. Lẹ́yìn náà sọ pé: “Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tó ń fẹ́ iṣẹ́ yìí gbé ẹ̀bùn lọ fún ìyá mi ní Pobẹ̀. Ìyá mi gbà á, kò mọ̀ ọ́n. Owó ẹ̀bùn náà nìyí, mo dá a padà. Nítorí náà n kò lè fọwọ́ sí ìwé yìí, ẹ fi ẹlòmíràn sí àyè mi lónìí.” Fún dirẹtẹ́ọ̀ ní ìwé mi yìí kó kà á. Kí Rẹ́mì fọwọ́ sí i pé òun ti gba nǹkan òun. Kí o sì jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí àyè rẹ, fi àwọn ohun tí àwọn mọ́kànlá sọ fún ọ lé e lọ́wọ́, kí o má sì bi í léèrè ta ni yóò mú.

O lè rò ó pé kí a rọra dá a padà fún un ní kọ̀rọ̀. Mo ti rò ó ṣáájú rẹ, n kò puro. Mo rò ó láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti gbà á, ogún èèyàn ló ṣe àmín. Bí a bá dá a padà ní kọ̀rọ̀, yóò ní òun kò gba nǹkan kan, yóò sì máa sọ àmín wa kiri lọ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Mo mọ ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe. Mo mọ iye ọdún tí o fi jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ, tí o ń kọ́ ọmọ olówó lẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé wọn kí o lè jẹun. Wọ́n lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ ní Ọjọ́bọ̀ kan náà. Wọ́n lè ní ìyá rẹ ti jẹ ẹ̀bùn, ìwọ náà á ti jẹ nínú rẹ̀. Èmi tí mo fi ọ́ yangàn ní ọjà, ní ìjọ, ní ẹnu kànga, tí mo ní “ọmọ mi tó wà ní bùró,” èmi náà ni n ó gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ nígbà tí o bá padà wálé. N ó gbọ́ ọ. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èmi ni mo gbà á sílẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Kọ orúkọ mi, pe orúkọ mi, má dáàbò bò mí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló jẹ ìrẹsì náà, sọ pé ìyá mi ni, òun ló sì ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.

N kò lè gba àdúrà padà, Ọlọ́run kì í ṣe ọmọdé. Ohun tí mo lè ṣe ni pé ní Ọjọ́bọ̀, n ó wà ní ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì yín láti àárọ̀. N kò ní wọlé àyàfi bí wọ́n bá pè mí. Bí Rẹ́mì bá ní mo ṣèlérí fún òun, kí wọ́n pè mí, n ó sọ ohun tí mo wí níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò ní yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé yìí. Ṣẹ́gun ní òun yóò gbé mi wá. Ó bínú sí mi nítorí pé ìkómọ ọmọ rẹ̀ ni a fi ìrẹsì náà ṣe, ṣùgbọ́n yóò gbé mi wá.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n rán ọ pé kí o fi iṣẹ́ èèyàn mọ́kànlá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìwọ kọ́ ló dá a sílẹ̀, o kò sì lè yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ.

Mo fi owó rán Ìyá Sikírá sí ọ. Nígbà tí mo nà án sí i, kò kọ́kọ́ gbà á. Ó ní, “Ẹ gbà mí gbọ́ tó báyìí?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni ẹ kò gbà mí gbọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ nìyẹn, ó sì ní kí n kà á lójú òun. Mo kà á lójú rẹ̀, òun náà kà á lójú mi, a dì í sínú aṣọ. Ìyá Múfú ló ra ewúrẹ́ mi méjèèjì fún ìkómọ àwọn ìbejì. Mo fi owó èsúsú mi kún un. Má fi kọ́bọ̀ tìrẹ sí i. Páànù wà lórí ilé ìdáná mi, kò ṣe é ká kúrò mọ́, ìrẹsì sì ti wà níkùn gbogbo wa, nítorí náà owó nìkan ni mo lè dá padà.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, ẹnìkan kò bá mi mú gègé. Ohun tó wà nínú aṣọ náà nìyí, kí Rẹ́mì kà á sókè níwájú gbogbo wọn: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì tó wà nínú àpò ìwé rẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fún ìrẹsì, ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún òróró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rin fránkì.